Àtùpà Méjìlá Lọ́tùn-ún, Méjìlá Lósì

Àtàláátà, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà 1974

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún géérégé tí wọ́n so yìgì èmi àti Àsíátù. Mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń kọ èyí, òun ń gbálẹ̀ lójúde yàrá, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, inú mi sì dùn débi pé ẹ̀rín ń pa mí láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ògiri yàrá wa àti ti Màmá kan náà ni. Bí mo bá rẹ́rìn-ín nìkan, Màmá á béèrè láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Mọ̀núrù, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ọ̀gá Dáfídì, olórí àwa awakọ̀ bàálù, ránṣẹ́ pè mí sí Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan fẹ́ kí bàálù kékeré wa máa gbé ìwé ìròyìn wọn jáde lálaalẹ́, kí àwọn ará òkè lè rí i kà kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Lẹ́yìn Ìtunu ni iṣẹ́ náà máa bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n fẹ́ fún, bí mo bá gba láísẹ́ǹsì òru kí àwẹ̀ tó parí. Pápá mẹ́rin ni: Ìbàdàn, Bìní, Ìlọrin, Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́dọ̀ balẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò balẹ̀ sí ìkankan nínú wọn lóru rí. Méjì nínú wọn, mi ò dé ibẹ̀ lọ́sàn-án pàápàá.

Mo ní, "Tí mi ò bá rí i gbà ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ìwọ á máa gbé àwọn elépo rọ̀bì lọ sí Warri lọ́sàn-án títí irun ẹ á fi funfun."

Mi ò tíì sọ fún Àsíátù pé iṣẹ́ yìí la máa fi gba yàrá méjì ní Yaba. Yàrá tí kò bá ti Màmá fara kan.

Àlàmísì, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Sùlè, mẹkáníìkì wa, ló fi Fólísíwájìn rẹ̀ gbé mi ní Olówógbowó. A ti ń sáré lórí afárá Kátà nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àsíátù di ìṣínu mi sínú abọ́ onídèérí mẹ́ta: ẹ̀kọ, àkàrà, àti ìgbín tó fi ata rodo pa lára. Ẹ̀gbọ́n Sùlè ṣí i wò kí èmi tó ṣí i.

Ó ní, "Pálọ́ọ̀tì, ṣé gbogbo èyí ni ìyàwó kan ń sè? Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Ìgbéyàwó dára o. Tèmi, ọdún kejìlá rèé, ó ní kí n lọ ra búrẹ́dì."

Onígbàgbọ́ ará Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá Dáfídì, ṣùgbọ́n ó dúró tì mí títí mo fi jẹun tán. Ó ní ẹni tí ebi ń pa kì í wa òun lókè. Lẹ́yìn náà ni a gbéra.

Ní àwọn pápá tí a ń lọ yìí, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fà wá wálẹ̀. Ojú la fi ń bọ̀. Wàá rí iná ránwéè, títì tí bàálù ń balẹ̀ sí, lọ́nà jíjìn, wàá sì fi ojú díwọ̀n bí o ṣe ga tó, bí o ṣe jìnnà tó. Ọ̀gá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé: "Ojú ń purọ́ lóru. Aago kì í purọ́. Máa wo aago tó ń sọ bí a ṣe ga tó ju bí o ṣe ń wo iná lọ."

Mo balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkejì le bí ẹni ju àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Aago kan òru ni mo wọlé. Àsíátù ti sùn lórí àga, ó jókòó dè mí. Mi ò jí i. Mo kàn jókòó sílẹ̀, mò ń wò ó.

Jímọ̀, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. A ò fò. Mo sùn lọ́sàn-án, mo sùn lálẹ́, oorun ò sì tán lójú mi.

Àtàláátà, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bìní. Màá kọ èyí kí n má baà gbàgbé.

Igbó ni gbogbo ìsàlẹ̀, kò sí iná kan ṣoṣo láàrin èmi àti pápá. Iná ránwéè dúró lókèèrè nìkan, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí aṣọ dúdú. Ó dà bíi pé mo ga jù. Mo wálẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì dà bíi pé mo ga jù. Mo tún wálẹ̀. Ọ̀gá Dáfídì na ìka sí aago. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà ló kù lábẹ́ wa, a ò sì tíì sún mọ́ pápá. Igi ni a ń bọ̀ wá balẹ̀ lé.

Nígbà tí a balẹ̀ tán, ó pa ẹ́ńjìnnì, a jókòó sínú òkùnkùn.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé o ga?"

"Ojú mi, sà."

"Kí ni mo sọ nípa ojú?"

Mo ní ó ń purọ́. Ó ní, "Gba ẹ̀pà." Ó fún mi ní ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe bí ó bá ti bá èèyàn wí tán.

Jímọ̀, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo wọlé ní aago méjì. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni àwọn ajísààrì dé àdúgbò wa pẹ̀lú agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró sábẹ́ fèrèsé wa gan-an, wọ́n ń kí ìyàwó tuntun. Wọn ò lọ, àfìgbà tí Àsíátù yọjú sí wọn. Mo jẹ sààrì pẹ̀lú ojú dídì.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan tó ń dùn mọ́ mi. Níwájú Màmá, Àsíátù á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun." Tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, á ní, "Ìwọ, o fẹ́ kí ata wọ̀ ọ́ lójú ni? Jókòó dáadáa." Mo fẹ́ràn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n a kì í ríra. Lọ́sàn-án àwẹ̀ wà lẹ́nu wa, èmi sì ń sùn. Lálẹ́ mo wà lókè. Ẹ̀gbọ́n Sùlè ní bàálù ni ìyàwó mi kejì, òun ló sì ń gba gbogbo alẹ́ mọ́ ìyáálé lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún Àsíátù. Kò rẹ́rìn-ín tó bí mo ṣe rò.

Àtàláátà, 1 Òkìtóbà

Ìlọrin. Òṣùpá yọ odindi. Mo rí ọ̀nà, mo rí òrùlé páànù, mo rí odò tó ń dán bí ẹní tí wọ́n fi òwú fàdákà rán. Mo balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni gbé ọmọ jòjòló sórí ẹní. Ọ̀gá ò bá mi wí, èyí tó túmọ̀ sí pé ó dára. Ó ní, "Má jẹ́ kí òṣùpá tàn ọ́. Tó bá di ìparí àwẹ̀, kò ní sí níbẹ̀."

Ìlú ń ṣọdún òmìnira, gbogbo ẹlòmíràn ló sinmi.

Sátidé, 5 Òkìtóbà

Ó ti rẹ̀ mí dé egungun. Etí mi ń dún bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Ṣúgà ti gbówó lórí, Màmá ní páálí kan ti fi kọ́bọ̀ mẹ́fà lé, ó ń bá gbogbo ará ilé jà bíi pé àwa la ń ta á. Àsíátù ń mu ògì láìsí ṣúgà, ó ní ó dùn mọ́ òun bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mo fẹ́ràn irọ́ náà.

Mo sọ fún un lónìí nípa yàrá méjì ní Yaba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá fèrèsé wà ní ilé ìdáná rẹ̀. Mo ní méjì. Mi ò tíì rí ilé náà rí.

Àlàrùbá, 9 Òkìtóbà

Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀ṣogbo. Pápá àtijọ́ ni, àwọn òyìnbó ló là á. Kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, kò sí ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Olùṣọ́ kan ló máa ń tan àtùpà kẹ́rosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ ránwéè: méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì. Òun náà ló máa ń buwọ́ lu ìwé pé a balẹ̀.

Ọ̀gá Dáfídì ní, "Níbí, o ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tààrà. Fò kọjá lókè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yí ká. Ka àtùpà. Méjìlá, méjìlá. Tó bá pé ni kí o tó máa bọ̀."

Mo balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú rẹ̀, mo ka àtùpà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré nínú gbogbo méjìlá. Ó ní èmi nìkan ni kí n lọ ṣe èyí tó kù, ní Sátidé, kí n gbé àpò lẹ́tà kan dání. Bí mo bá dé, òun yóò buwọ́ lùwé mi.

Àlàádì, 13 Òkìtóbà, àárọ̀

Ẹ wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́ lónìí.

Àná ni alẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n àwẹ̀, òru Láélátúlì Kádírì. Kí n tó jáde, Àsíátù ní, "Tètè dé. Ká jọ ṣe àdúà lóru òní. Alẹ́ kan yìí péré ni mo bẹ̀ ọ́." Mo ní màá dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Mo fò kúrò ní Ìkẹjà bí ẹni tí ìyẹ́ hù lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò sí òṣùpá. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni mo rí iná Ọ̀ṣogbo. Níwájú díẹ̀, mo rí ìlà iná méjì, wọ́n tọ́, wọ́n gùn, wọ́n mọ́lẹ̀ rekete, níbi tí mo ti ń retí pé kí wọ́n wà. Mo ní, olùṣọ́ yìí mà ti da kẹ́rosíìnì sí i dáadáa lónìí.

Mo rántí pé kí n yí ká. Mo rántí Àsíátù. Mo wo aago ọwọ́ mi: bí mo bá yí ká, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á lọ. Mo ní iná ló ń wò mí yìí, kí ni mo tún ń kà? Mo wálẹ̀ tààrà.

Ní bíi igba ẹsẹ̀ bàtà, mo tan iná iwájú bàálù.

Kì í ṣe ránwéè. Ọjà alẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, fìtílà lórí àtẹ, fìtílà lórí àtẹ, títí dé ojú mọ́sálásí. Mo rí èéfín agbada àkàrà. Mo rí obìnrin kan tó ru igbá, tó gbójú sókè, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo lè yà á. Àwọn èèyàn kún ojú títì bí omi.

Mo fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, mo fa imú bàálù sókè. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mò ń ké "Lá iláhà", mi ò parí rẹ̀.

Nígbà tí mo ga tó, mo yí ká. Pápá wà lápá ìwọ̀ oòrùn, kò jìnnà, àtùpà rẹ̀ pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Méjìlá lọ́tùn-ún. Méjìlá lósì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin.

Olùṣọ́ ní, "Pálọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ lọ yọjú sáwọn ará ìlú ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì buwọ́ lu ìwé mi. Méjìlá pé.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo wọlé. A ṣe àdúà. Mi ò mọ ohun tí mo béèrè.

Àtìní, 14 Òkìtóbà

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Dáfídì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Àlàrùbá ni òun máa buwọ́ lùwé, nítorí òun ń lọ sílé l'Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ méjì. Ó ní, "O ṣe é." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mi ò lè sùn lọ́sàn-án. Tí mo bá dijú, obìnrin yẹn á gbójú sókè.

Àtàláátà, 15 Òkìtóbà

Ẹ gbọ́ ohun tó dé bá mi.

Ìyá Ganiat, ọ̀rẹ́ Màmá tó ń lọ kó àdìrẹ l'Ọ̀ṣogbo, wọlé lọ́sàn-án, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, Ọlọ́run ń bẹ o! Lóru Láélátúlì Kádírì, ọ̀run ṣí sílẹ̀ l'Ọ̀ṣogbo!"

Màmá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀! Ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, ó funfun, ó ń dún bí àrá, ó dúró lórí ọjà gan-an, ó wò wá, ó sì tún gòkè padà. Gbogbo wa dojú bolẹ̀. Alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi da epo nù. Afọ́jú kan ní òun rí i!"

"Ṣé wọ́n sọ fún ọ ni, àbí o rí i?"

"Ojú mi yìí, Ìyá Mọ̀núrù! Bí mo bá ń purọ́, kí àwẹ̀ mi bàjẹ́."

Màmá sunkún. Ó ní òun yóò ṣe sàráà ní ọjọ́ Ìtunu nítorí pé wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí i. Gbogbo agbolé pariwo "Àláhù Àkúbárù". Èmi jókòó sórí àpótí, abọ́ tí mo fẹ́ fọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè, Àsíátù ń wò mí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó ní, "Ìwọ ni, àbí?"

Mo ní èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé nítorí kí n lè tètè dé ni. Ǹ bá má ti sọ apá yẹn, nítorí ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Èèyàn mélòó ló wà lọ́jà?"

"Mi ò kà wọ́n."

Ó gba abọ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ọ̀gá ẹ rò pé o mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé."

Mo ní, "Yàrá méjì ńkọ́?"

Ó ní, "Yàrá méjì, kí n máa dá sùn nínú méjèèjì, kí n máa gbọ́ ohun tí ń dún lókè? Tí o bá gba ìwé yẹn báyìí, èmi ni n ò ní sùn mọ́."

Àlàrùbá, 16 Òkìtóbà

Ọ̀gá Dáfídì ti ṣí bírò nígbà tí mo wọlé. Ìwé mi wà níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Sà, ẹ má tíì buwọ́ lù ú."

Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan.

"Mélòó lo kà?"

"Mi ò kà, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ tètè délé ni."

Ó ní, "Ìyàwó tuntun," bí ẹni tó ń ka orúkọ àìsàn. Ó dé bírò. Ó ní awakọ̀ kan ń bọ̀ láti Kàdúná, òun ni yóò gbé ìwé ìròyìn. Èmi yóò padà sí Warri lọ́sàn-án. Tí òjò bá ti dá, kí n tún bẹ̀rẹ̀ pápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ṣì fẹ́, òun ò sì lè ṣèlérí pé iṣẹ́ kankan á kù fún mi nígbà yẹn.

"Ká ní ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ èyí," ó ní, "ọkọ̀ yanrìn ni wàá máa wà."

Ó mú mi lọ síwájú pátákó tí gbogbo awakọ̀ ń kà kí wọ́n tó fò. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo kọ ọ́: *Ìdó-Ọ̀ṣun. Lálẹ́ àwẹ̀, ọjà tó wà lápá ìlà oòrùn máa ń dà bí ránwéè. Ẹ ka àtùpà.* Ó ní kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sùlè wá, ó kà á, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀gá ò fún mi ní ẹ̀pà lónìí.

Àlàmísì, 17 Òkìtóbà. Ìtunu

A kírun tán, oòrùn mú, agbolé kún. Màmá jókòó ti ìkòkò ìrẹsì ńlá, ó ń bu sàráà fún ẹni gbogbo, ó sì ń sọ ìtàn ìmọ́lẹ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá na abọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìkẹfà, ìmọ́lẹ̀ náà ti ní ìyẹ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ìmọ́lẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ sọ́jà. Bàálù mi ni. Mo ṣìnà. Díẹ̀ ló kù kí n pa wọ́n. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi, wọ́n ti gba iṣẹ́ òru náà lọ́wọ́ mi."

Ṣíbí dúró lókè. Àsíátù tó ń gbé àwo bọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Màmá wo ojú mi bí ó ṣe máa ń wò ó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ibà bá ń ṣe mí.

Ó ní, "Èèyàn mélòó ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló gbé ọ padà sókè?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Màmá."

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì." Ó sì ń bu ìrẹsì lọ.

Nígbà tí àlejò mìíràn wọlé, Bàbá Tìjání láti òdìkejì títì, Màmá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí. Kò yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò, kò yọ àrá kúrò. Nígbà tó parí, ó na ṣíbí sí mi, ó ní, "Ọmọ mi yìí ló wà nínú ẹ̀. Ó ṣìnà ni. Fúnra ẹ̀ ló lọ sọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bá mi kí i."

Bàbá Tìjání wò mí. Ó wo Màmá. Ó yẹ kó kí mi kú oríire, àbí kó bá mi kẹ́dùn, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó rò ó, abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, o kú ewu."

Mo ní, "A dúpẹ́, sà."

Mo wọ yàrá lọ. Àsíátù wọlé tẹ̀ lé mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó dùbúlẹ̀ tì mí pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń ràn, ará ilé ń pariwo lẹ́yìn ògiri, oorun sì gbé wa lọ.